Gaàrí Alhaja Làtífátù Lédè Faransé

Tẹ́ ẹ bá ra gaàrí lọ́wọ́ Alhaja Làtífátù ní Láfẹ́nwá, ẹ ò ní lọ láìgba èènì. Kóńgò á kún, á tún fọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Ọgbọ̀n ọdún rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ara ìyá ò balẹ̀. Títílọlá ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú Haleemah ọmọ tirẹ̀ wá láti Kútọnu, kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Haleemah, Faransé nìkan ló sì gbọ́. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ẹkún ló ń sun ṣáá, ìyá àgbà ò mọ ohun tó ń fẹ́.

Ló bá bẹ Àánú, ayálégbé rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà Faransé, pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi oúnjẹ lọ ọmọ.

"Ẹ wò ó, Alhaja Párísì," Àánú bu gaàrí sínú abọ́. "Èyí tí mo bù yìí, *du gari* ni, díẹ̀ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ gaàrí lápapọ̀ lẹ ń sọ, *le gari* ni."

"Ó ti yé mi. Mo fẹ́ràn *du gari*."

"Rárá o! Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ràn ẹ̀, *le* ni."

"Háà! Gbogbo gaàrí ayé? Ti Bàṣírátù ìsọ̀ kejì tó kún fún iyanrìn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Tí mo bá wá fẹ́ jẹ ẹ́, ó di díẹ̀?"

"Ó di díẹ̀."

"Ìfẹ́ àwọn Faransé yìí mà ju ikùn wọn lọ o!"

Àánú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò gaàrí.

Nígbà tó di Sátidé, Títílọlá já ọmọ sílẹ̀, ó lọ. Alhaja fẹ́ bi ọmọ bóyá á mu gaàrí, ni gbogbo ẹ̀kọ́ bá fò lọ lórí rẹ̀.

"*Tu veux le... du... le gari?*"

Haleemah wo àpò tó ga jù ú lọ, ó wo ìyá àgbà. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Alhaja yára bu gaàrí sínú ife, ó fi ṣúgà àti omi tútù sí i. Ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára ò jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ó tún bu díẹ̀ lé e.

"Èènì!"

Ẹkún ò jáde mọ́. Ọmọ náà mu ún tán, ó na ife padà.

"Èènì!" lòun náà wí.

Alhaja bù ú sí i. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ ti wà lórí itan rẹ̀.

"Àánú, sáré wá! Èènì ńkọ́, ṣé *du* ni àbí *le*?"

Tíṣà yọjú, ó wo àwọn méjèèjì, ó họ orí.

"Alhaja, èmi náà ò wá mọ̀ mọ́."