Ènìyàn Mẹ́fà ní Igun Pálọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Mukhtar, orí tábìlì irin ló wà, ó nà gbalaja, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ní ọ̀tún rẹ̀, mẹ́ta ní òsì. Mo wá tún géètì mi ṣe lọ́dọ̀ Gbénró, wẹ́dà kan ní Ọgbà. Gbénró ní kí n ṣe sùúrù díẹ̀, oníbàárà òun kò tíì gbà pé tábìlì náà lágbára tó. Ọkùnrin tó wà lórí rẹ̀ kí mi kú àárọ̀ láìdìde. Ó ní òun àti sìmẹ́ǹtì náà jẹ́ kílò 374, bẹ́ẹ̀ ohun tí tábìlì náà máa gbé kò ju 360 lọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Mukhtar fi wọn ìyẹ̀fun àti ṣúgà ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan lọ́nà Agége. Bó bá ti wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó lè sọ kílò rẹ̀. Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un pé kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò obìnrin. Etí òkun ní Ìbẹ̀jú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé Agége, ẹja òkun tó ń rí kò ju èyí tó ti dì gbagidi nínú yìnyín lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló wù ú: kó jókòó sí pálọ̀, kó máa wo ẹja òkun méjì tó wà láàyè. Ó ra àpótí gíláàsì ńlá kan àti iyọ̀ tí yóò fi po omi rẹ̀, ó sì ní kí Gbénró ṣe tábìlì tí yóò gbé e.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkè ló ń gbé. Onílé wọn, Bàbá Oyèbọ́lá, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, ló ń gbé ìsàlẹ̀. Ìyàwó Bàbá ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá nìkan ló kù nílé, pálọ̀ wọn sì wà lábẹ́ pálọ̀ Mukhtar gan-an. Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé òkun ń bọ̀ lórí àwọn, wọ́n ní rárá.

Mukhtar gbé ìṣirò rẹ̀ lọ bá wọn. Ó ṣàlàyé pé omi, gíláàsì, òkúta, yanrìn àti tábìlì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 420, ìyẹn ènìyàn mẹ́fà péré; bí àlejò mẹ́fà bá wá kí òun, ṣé ilé máa wó ni? Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Wọ́n ní àlejò máa ń lọ sílé, omi kì í lọ. Wọ́n ní kó wá ènìyàn mẹ́fà tí yóò dúró sí igun náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn jókòó sísàlẹ̀ kí àwọn máa wo àjà.

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Mukhtar lọ yá òṣùwọ̀n.

Bí mo ṣe di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà nìyẹn. Ní Sátidé kan, ó wọ̀n wá lẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wa jẹ́ 417, ó sì gbé omi lítà mẹ́ta lé Gbénró lọ́wọ́ kó lè pé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà tó tó tábìlì náà sílẹ̀, a sì há sínú rẹ̀ bí ìgò inú kéréètì. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, ó di dandan kí a pe adípò tí kílò rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Nígbà tí Sùlíyá gbé ìrẹsì wá lọ́sàn-án, ọkọ rẹ̀ ní kó dúró ná.

“Bàbá Nusrat, ẹ tún fẹ́ wọn ẹran náà ni?” ni Sùlíyá bi í.

Ó ní ẹran gan-an ló ṣe pàtàkì.

Àwọn adípò tó ń dúró de ìgbà tiwọn máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí Bàbá, wọ́n á jókòó tì wọ́n, wọ́n á jọ máa wo àjà. Bàbá ra mínírà fún wọn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti pọ̀ ju àwa tí a wà lókè lọ.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá gòkè wá. Àjà kò sán rárá. Inú Mukhtar dùn, ó ti ń wá nọ́ńbà ẹni tó ń ta ẹja.

“Ẹ̀yin dúró jẹ́ẹ́,” ni Bàbá wí. “Ẹja kì í dúró.”

“Bàbá, ẹja méjèèjì kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò yín.”

“Mukhtar, n kò sọ̀rọ̀ ìwúwo. Ìrìn ni mò ń sọ.”

Nítorí náà, ní Sátidé kejì, a rìn. Inú ilà ṣọ́ọ̀kì náà kò gba ìrìn, nítorí náà a ń yípo lójú kan, Gbénró sì ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá fi gòkè wá, wọ́n gbé àwo kékeré kan dání. Ègé sìmẹ́ǹtì kan tó tó ẹyọ ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀, ó ti rin gbingbin. Àjà ló ti já bọ́ sínú tíì wọn.

Mukhtar gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tí Sùlíyá fi ń ṣe búrẹ́dì. Gíráàmù méjì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ sínú ilà ṣọ́ọ̀kì náà, ó ní kí Gbénró bá òun wá ẹni tó máa ra tábìlì.

Bàbá kò lọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n béèrè bóyá a máa wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mukhtar ní kí la tún fẹ́ wá ṣe, ìdánwò ti parí.

“Ta ló ní ó parí?” ni Bàbá wí. “Gbé e wá sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Orí ilẹ̀ ni mo wà. Ilẹ̀ kì í já bọ́ sínú tíì ẹnikẹ́ni.”

A gbé tábìlì àti àpótí gíláàsì náà sí pálọ̀ Bàbá. Oṣù kan gbáko ni omi náà fi wà láìsí ẹja, nítorí Mukhtar ní omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó kó má baà pa ẹja. Bàbá ń wo omi lásán lójoojúmọ́, wọ́n sì ń pè wá wá wò ó.

Mukhtar ṣì ń gbé lókè. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá fún un ṣílẹ̀kùn ìsàlẹ̀, kó lè wo bí iyọ̀ omi ṣe rí. Ẹja méjèèjì wà láàyè. Ilà ṣọ́ọ̀kì náà ṣì wà ní igun pálọ̀ Mukhtar lókè, kò sì gbé nǹkan kan síbẹ̀.