Ìbò Ilé Tí Gréèsì Ń Gbé

Ó di ọdún kejì báyìí tí ìyàwó mi, Rísíkátù, ti fi wá sílẹ̀. Ìpàdé tí mo fẹ́ sọ yìí wáyé ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú ikú rẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Kettering, l'Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀yin ọmọ wa máa ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa ìyanṣẹ́lódì tí a ṣe n'Íbàdàn nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo ti sọ ìyẹn títí. Ìjà kan wà tí n kò tíì sọ fún yín.

Ilé méjì la ní nínú ẹ́sítéètì wa: èyí tí à ń gbé, àti èyí tí mo rà kí Rísíkátù tó dé láti ilé. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà yìí ni Gréèsì, nọ́ọ̀sì ọmọ Jàmáíkà, ń háyà lọ́wọ́ mi. Orúkọ ọkùnrin kan ni wọ́n fi pe ẹ́sítéètì náà. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ńlá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbin òdòdó yí i ká. Lọ́jọ́ kan, Gréèsì wá bá ìyàwó mi nílé ìdáná.

"Mama," ó ní, "orúkọ tó wà lára òkúta yẹn ni wọ́n ń pe oko ìrèké tí wọ́n ti fi àwọn ìyá ńlá mi ṣẹrú. Mo wọkọ̀ òfurufú wá sí Amẹ́ríkà, òun ló tún ń kí mi káàbọ̀."

Olùkọ́ ìtàn ni Rísíkátù kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wọ ilé ìkàwé lọ. Ó rí i pé ìlú Òyìnbó lọ́hùn-ún, ní òdìkejì òkun, ni ọkùnrin náà gbé títí tó fi kú. Ó ní ilẹ̀ tábà níhìn-ín, ó ní oko ìrèké ní Jàmáíkà, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kankan nínú wọn rí. Lẹ́tà ló fi ń darí wọn. Nínú ọ̀kan, alámòójútó oko kọ̀wé sí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi ìrèké ti gé apá obìnrin kan tó ń jẹ́ Fíbà. Ó tó oṣù mélòó kan kí èsì tó dé. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ṣúgà ọdún yẹn funfun dáadáa. Kò dárúkọ Fíbà rárá.

Mo ní, "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni."

Rísíkátù wò mí. "Ojú tiẹ̀ gan-an dà?"

Àìsàn ti ń bá a fínra nígbà náà. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n yọ orúkọ ọkùnrin náà kúrò lára òkúta, kí wọ́n kọ ti Fíbà síbẹ̀, kí òun sì fojú òun rí i. Òun àti Gréèsì kan ilẹ̀kùn kiri láti wá ìbò. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo tún gbà wọ́n nímọ̀ràn tí mo máa ń gba àwọn òṣìṣẹ́ nígbà kan: "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé tí kò kà."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Alága ẹgbẹ́ onílé, ajagunfẹ̀yìntì kan, fẹ̀yìn ti àga, ó ní, "Màdáámù, ṣé ọmọ Jàmáíkà lẹ̀yin náà ni?"

"Rárá o," ni Rísíkátù wí. "Ibi tí wọ́n ti kó wọn ni mo ti wá."

Ọkùnrin kan fọhùn láti ẹ̀yìn. Ó ní ṣé gbogbo wa ló máa wá lọ yí àdírẹ́ẹ̀sì orí láísẹ́ǹsì wa padà báyìí? Gréèsì nawọ́, ó fẹ́ fèsì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni alága wí, "onílé nìkan ló lóhùn níbí. Ayálégbé ni yín."

"Ẹni tó wà lára òkúta yín kò gbé ibí rí, òun ló sì lóhùn jù!" ni Gréèsì wí.

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí wọ́n ní ká nawọ́, àwa la pọ̀ jù. Gréèsì ti dì mọ́ Rísíkátù kí alága tó fa fáìlì kan yọ. Ó ní fọ́ọ̀mù àwọn onílé tí kì í ṣe àwọn fúnra wọn ló ń gbé inú ilé wọn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀tọ́ ìbò wọn fún òun. Ó fi gbogbo rẹ̀ dìbò pé kí orúkọ náà dúró síbẹ̀. Báyìí la ṣe pàdánù.

Rísíkátù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo fáìlì náà. Ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí ọ̀kan, ó wò ó pẹ́, ó sì dá a padà.

Gréèsì bi í pé, "Kí lẹ rí?"

"Kò sí, ọmọ mi."

Inú mọ́tò ló ti sọ ọ́ fún mi. "Bàbá Sùbáírù, ilé tí Gréèsì ń gbé náà dìbò."

"Ta ló dìbò fún un?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìgbà náà ni mo rántí. Lọ́dún tí mò ń sáré lọ sílé fún fídáù ìyá mi, ẹnì kan láti ọ́fíìsì ẹ́sítéètì gbé ìwé wá bá mi. Mo fọwọ́ sí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, n kò kà á. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù tèmi nìkan ló borí wa. Ká ní mo fà á yọ, a ṣì máa pàdánù. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, orúkọ mi sì hàn ketekete.

Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún un fúnra yín." Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí tó fi kú. Òkúta náà kò yí padà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni mo tó lọ kan ilẹ̀kùn Gréèsì. Mo dúró ní ìta, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "mo mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ lọ́jọ́ náà, èmi náà wo fáìlì yẹn, mo rí nọ́ńbà ilé náà. Ta ni mo tún fẹ́ rò pé ó ni ilé tí mò ń gbé? Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Ẹ lè bi mí pé kí ni a rí jẹ nínú ìjà yẹn. Àwọn ọmọ kan nínú ẹ́sítéètì náà ti mọ orúkọ Fíbà. Wọn kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òkúta ṣì wà níbẹ̀, mo sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Gbèsè tí mo jẹ Rísíkátù, n kò mọ bí mo ṣe máa san án. Ṣùgbọ́n ìbò mìíràn ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fọ́ọ̀mù tuntun lọ bá Gréèsì, kí òun máa dìbò fún ilé tó ń gbé. Mo ti yọ bírò, mo fẹ́ fọwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ kà á sókè fún mi."