Àgádágodo Orí Tẹlifóònù

Nínú gbogbo ohun tí ọkọ mi ti rà láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ ara wa, àgádágodo kékeré kan, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, ló bí mi nínú jù. Orí tẹlifóònù ló fi í sí. Kí n tó máa bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí tẹlifóònù ṣe dénú ilé wa, nítorí pé ilé tó ní in kò pọ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà náà.

Agbẹ̀bí ni mí. Ilé ìwòsàn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló fa wáyà wá sí pálọ̀ mi, kí dókítà lè máa rí mi pè tí aboyún bá dé lójijì. Tẹlifóònù àkọ́kọ́ dúdú, ó wúwo, ó sì ní ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a máa ń yí. Bí mo bá yí i, obìnrin kan ní pósófíìsì á dáhùn pé, "Nọ́ọ̀sì, ta lẹ fẹ́?" Ó mọ ohùn mi. Ó mọ ohùn gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí pálọ̀ mi kó máa fi tẹlifóònù mi tàkúrọ̀sọ kí obìnrin yẹn má mọ̀, tó bá sì pàdé mi lọ́jà, yóò sọ ọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ayé ti lajú. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù wá láti Ìbàdàn, wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ, wọ́n gbé tuntun kalẹ̀, aláwọ̀ eérú, tó ní àwo oníhò mẹ́wàá níwájú. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò máa so wáyà pọ̀ fún wa mọ́, ìka wa la ó máa fi yí nọ́ńbà tí a bá fẹ́. Gbogbo àdúgbò kún pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà bí ẹni wá wo ìyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà fẹ́ dán wáyà wò kó tó de àwo náà mọ́ ọn. Ó gbé apá tẹlifóònù tí a fi ń gbọ́ràn sétí, ó wá ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì tí apá náà máa ń jókòó lé, kà-kà-kà, ó dúró, kà-kà, ó dúró, títí tí ẹnìkan fi dáhùn láti òdìkejì. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kàn ń ka iye ìgbà tí ẹ bá gé e ni. Àwo yìí, kó lè rọ̀ yín lọ́rùn lásán ni." Mo gbọ́, mo sì gbàgbé.

Tẹlifóònù tuntun náà ní ìwà tirẹ̀. Lọ́yẹ́, á máa dún láìsí ẹni tó pè é. Tí òjò bá rọ̀, wáyà á fẹnu kora, ẹni tó ń pe ilé ìwòsàn á bá ara rẹ̀ láàárín ìjà ọkùnrin onísìmẹ́ǹtì kan àti ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn òjò, a gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì dúró títí yóò fi máa kùn bí oyin, kí a tó yí nọ́ńbà kankan. A kọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ́ wa lára.

Ohun tí kò mọ́ wa lára ni èrò. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí obìnrin pósófíìsì tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn mọ́, gbogbo àdúgbò ló ní ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Ta ni mo fẹ́ lé? Àwọn tó ń bá mi gbé ọmọ ni. Lọ́jọ́ kan ni ìyá kan gbé apá tẹlifóònù sétí, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ṣakí sọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun tí ọkọ ẹ̀gbọ́n náà fẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán bọ̀rọ̀. Àṣé dókítà ń pè mí. Ìgbà tó pè, tó pè, tí kò rí mi, ó rán awakọ̀ wá. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, aboyún tó tìtorí rẹ̀ pè mí ti jẹ̀rora ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà sì bá mi wí níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bí ẹni ń bá ọmọdé wí.

Tíṣà ni ọkọ mi. Ọkùnrin tó máa ń fi bírò pupa tún lẹ́tà tí àwọn àna rẹ̀ bá kọ sí i ṣe ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ra àgádágodo láti Ìbàdàn, ó sì fi kọ́ ihò àkọ́kọ́ nínú àwo náà, kò sì sẹ́ni tó lè yí i mọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá. Èyí tó fún mi bọ́ sọnù sínú omi ìfọṣọ kí oṣù tó parí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Mo ní kó gé òmíràn fún mi. Ó ní, "Dókítà ló ń pè ọ́, kì í ṣe ìwọ lò ń pe dókítà. Tó bá dún, gbé e. Ìyẹn ò gba kọ́kọ́rọ́." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún agbẹ̀bí nípa tẹlifóònù agbẹ̀bí!

Àwọn aládùúgbò bínú sí mi, òkèèrè ni wọ́n ti ń kí mi. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò yí padà, bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè lábẹ́ igi máńgòrò ojúde wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára, kì í sì í kúrò nídìí òfì rẹ̀ àfi tó bá ń lọ kírun. Òun la máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún tí a bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Ìbàdàn, ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì. Ó ti kọ òfì sílẹ̀, bàbá sì ti sọ pé ẹni tó kọ òfì kọ òun náà. Nígbà tí ọmọ yẹn kọ lẹ́tà, èmi ni mo kà á fún bàbá. Nọ́ńbà tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì ka ìyẹn náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí a pè é. Bàbá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mi ò lẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn." Ó ká lẹ́tà náà, ó sì tì í bọ abẹ́ fìlà rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àgádágodo dé ni àwọn ará ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá lọ wo àwọn aboyún káàkiri ìlú, tí wọ́n bá pe ilé mi lọ́sàn-án bóyá mo ti dé, ẹnìkan wà lórí rẹ̀. Ta ni? Èmi wà níbi iṣẹ́, àgádágodo wà lórí tẹlifóònù, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọkọ mi. Ọkọ mi sì máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní nǹkan bí aago méjì, ṣáájú mi. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ní háà, ọkùnrin yìí ti ẹnu mi pa kó lè rí àyè máa bá obìnrin kan sọ̀rọ̀. Mo wo gbogbo àpò sòkòtò rẹ̀. Mo ń dín ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ kù. Tó bá kí mi, "hùn" ni mo fi ń dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí nǹkan kan, mo sì ní ìyẹn pàápàá, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Àbúrò mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó bí i. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Ọkọ mi ti gbé alùpùpù lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ wo oko iṣu rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti lọ gbin nǹkan, nítorí pé ẹni tó bá fi òjò yẹn ṣeré yóò jìyà rẹ̀. Ni ọmọbìnrin yìí bá di ìdí mú. Kí n tó ronú ọkọ̀, orí ọmọ ti yọ. Mo gbẹ̀bí ọmọ náà lórí ibùsùn mi, obìnrin ni, ó ké dáadáa. Ibi ọmọ náà wálẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dúró.

Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ bó ṣe máa ń parí tí abẹ́rẹ́ kò bá tètè dé. Abẹ́rẹ́ náà wà ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ mi kan wà níkùn àbúrò mi, mò ń fi agbára tẹ ilé ọmọ rẹ̀ kó lè sún kì, tí mo bá sì gbé ọwọ́ yẹn kúrò, ó ń dà. Ojú rẹ̀ ti ń funfun. Mo kígbe gba ojú fèrèsé títí bàbá ahunṣọ fi dá mi lóhùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ wá sí pálọ̀.

Mo ké sí i láti yàrá pé, "Bàbá, ẹ bá mi fi òkúta fọ́ àgádágodo orí tẹlifóònù yẹn!"

Dípò òkúta, mo gbọ́ tó gbé apá tẹlifóònù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ foríjì mí. Kò gba fífọ́. Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́?"

N kò béèrè ohunkóhun. Mo pe ẹyọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ kà-kà-kà láti pálọ̀, ó lọ geere, kò yá jù, kò fà jù, bí ẹni ń fi ọwọ́ gbá òwú mọ́ra lórí òfì. Mo pe èkejì. Mo pe gbogbo rẹ̀ tán. Ni bàbá bá ní, "Ọkọ àtìyàwó tí ń jà ni."

"Ẹ gbé e kalẹ̀! Òjò ni! Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì..."

"Kó kùn bí oyin. Mo mọ̀."

Ó mọ̀! Mo wà nínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi títí dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀rù ikú ń bà mí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan là kọjá lọ́kàn mi pé ọkọ mi kò ṣe nǹkan kan. Ojú tì mí pé mo lè ro ìyẹn lákòókò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó. Mo tún pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kejì, bàbá sì ń gbá a. Nígbà tó parí, mo dúró. Mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín láti inú ẹ̀rọ náà pé, "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" Bàbá kò fọhùn.

Mo pariwo pé, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀!"

"Kí n sọ̀rọ̀?" Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ní kó jó níhòòhò.

"Ẹ ní ilé nọ́ọ̀sì! Ẹ ní ẹ̀jẹ̀!"

Ó wá kígbe nígbà náà, bí ẹni tó ń pe ará oko láti orí òkè. "Ilé Nọ́ọ̀sì rè é o! Àbúrò wọn bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá! Ẹ máa bọ̀ o! Ẹ máa sáré bọ̀ báyìí!" Kò sinmi. Ó ń tún un wí lẹ́yìn tí ẹni náà ti gbé e sílẹ̀, títí tí mo fi gbọ́ ariwo ọkọ̀ ilé ìwòsàn ní ojúde.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lórí ibùsùn mi níbẹ̀. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo ti gbọ́ bí ilé ọmọ náà ṣe ń le, bó ṣe ń di kíkì, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fà sẹ́yìn. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n gbé e lọ, ó sì yè. Nígbà tí dókítà sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé ewu ti kọjá, mo jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sunkún bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Ara mi fúyẹ́. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a délé, ó ṣí àgádágodo náà, ó sì jù ú sínú àpótí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Mo se ọbẹ̀ fún un, mo kó ẹran sí i títí tó fi béèrè pé kí ló dé. Mo ní kò sí. N kò tíì sọ fún un di òní.

Bàbá kò wá sílé wa mọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí a sọ ọmọ lórúkọ, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ bá a nídìí òfì, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì béèrè ẹni tó máa ń pè.

Ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá lórí òfì ló ń wò. Ó ní, "Mi ò pe ẹnì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá ni mo ti rí bí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo kàn máa ń gbọ́ ni. Ọmọ yẹn ni wọ́n fi síbi tẹlifóònù ọ̀gá rẹ̀. Tó bá ti ní 'Hẹ́lò', tó tún ní 'Ta nìyẹn?', ó ti tó mi. Mo ti mọ̀ pé ó ń mí. Màá gbé e kalẹ̀."

Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Inú mi bàjẹ́, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní, "Bàbá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbúrò mi ń fọ́mọ lọ́yàn. Ẹ wá sọ ìkejì."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó wá kan ilẹ̀kùn. Ó ti wẹ̀, ó ti dé fìlà tó máa ń dé lọ sí Jímọ̀. Mo fi hàn án pé kò sí àgádágodo mọ́, pé ó lè fi ìka yí àwo náà. Ó ní rárá, ọwọ́ òun ti mọ èyí tí òun mọ̀. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí n má bàa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń gbá a, nọ́ńbà Ìbàdàn gùn. Ó parí. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo fẹ́ wọlé padà.

"Èmi ni," ni mo wá gbọ́. Lẹ́yìn náà, kíákíá, "Má gbé e sílẹ̀. Èmi ni."