Jíìpù mi ò lè fa kárávàn Uncle

Láàárọ̀ yìí ni mo di ọ̀dájú lẹ́nu ẹbí mi, torí mo ní ọkọ̀ mi ò lè fa ilé.

Uncle mi ra kárávàn, ilé onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ní kí n fi jíìpù kékeré mi fà á lọ síbi tí gbogbo wa ti fẹ́ lo wíkẹ́ǹdì. Bí wọ́n ṣe so ó tán, ìdí ọkọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

"Uncle, ẹ má bínú, ó ti wúwo jù. Ìwọ̀n tí ẹni tó tà á sọ fún yín, ti òfìfo ni. Ẹ ti kó ìrẹsì, omi àti jẹnẹrétọ̀ sí i."

"Èmi tí mo wá gbé ẹ ní airport nínú snow lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yìí?"

Mo tú u, mo wakọ̀ mi lọ. Mi ò tíì dé Downsview, àdúgbò mi, tí màámi fi pè láti Ìbàdàn; Uncle ti fẹjọ́ mi sùn wọ́n.

"Lọ kúnlẹ̀ bẹ Uncle rẹ."

"Màámi, àwọn ọmọ mi ló máa jókòó nínú ọkọ̀ yẹn o. Tí bíréèkì ò bá mú ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ṣáà lọ bẹ̀ wọ́n."

Airport tí wọ́n ti gbé mi yẹn, ṣé ẹ̀mí àwọn ọmọ mi ni owó ọkọ̀ ẹ̀ ni? Ẹ dá mi lóhùn.