Wọ́n fọ́ mi lẹ́nu nínú bàálù lónìí

Wọ́n fọ́ mi lẹ́nu nínú bàálù láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo sì kọ́kọ́ nawọ́.

Kánò la ti ń bọ̀. Àwọn aláró ń dúró dè mí l'Áké fún ìpàdé tí mo pè fúnra mi, ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í pẹ́ dé ìpàdé.

Kùrukùru bo Ìkẹjà. Bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, lójijì ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, a tún gòkè. Mo já bẹ́líìtì, mo fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọmọ Kẹ́mta kan, ará Abẹ́òkúta bíi tèmi, tó ń fi wáyálẹ́sì bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ló jáde. Mo fún un lọ́rùn mọ́ ògiri.

"Mo rí títì ìbalẹ̀. Kí lẹ gòkè fún?"

Ó fi orí kàn mí lẹ́nu. Eyín mi kan mì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó. Ibi tí òfin ní ká sọ̀ kalẹ̀ mọ la dé yẹn. Bí awakọ̀ ò bá rí ilẹ̀ níbẹ̀, gòkè ló máa gòkè, kò ní máa wá a kiri. Bó bá ṣe pé ẹ fẹ́ forí sọ òkúta ni, ẹ jẹ́ ká délé. Òkúta ò wọ́n l'Ábẹ́òkúta."

Nígbà tí kùrukùru ká, a padà wá balẹ̀ wẹ́rẹ́. Kí a tó balẹ̀, mo tún rí ohun tí mo pè ní títì lójú fèrèsé. Odò Ògùn ni, odò tí mo ti ń wẹ̀ láti kékeré.

Àwọn aláró ti tú ká kí n tó dé. Mo fẹ́ kọ̀wé fẹjọ́ ọmọ náà sùn, àmọ́ mo rántí odò náà, mo gbé kálàmù sílẹ̀.

Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó lẹ́yìn mi, ta lẹ bá dì mú, èmi àbí òun?