Páànù Tuntun Lábẹ́ Òrùlé Tó Ń Jò

Òjò ń rọ̀, ó sì ń jò sórí páànù tuntun nínú pálọ̀. Kò! Kò! Kò! Páànù náà wà ní ìdì ìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òrùlé tó wà lókè rẹ̀ sì ti lu bí ajere. Bàbá àgbà gbé abọ́ kan sórí ìdì tó ga jù láti fi gbe omi, ó wá fetí sí rédíò rẹ̀ padà. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá wọn, ṣé àwa la ó máa bo páànù ni, àbí páànù ló yẹ kó máa bò wá?"

Bàbá ní kí ó jọ̀ọ́, ìròyìn ló ń gbọ́. Ìyá bá fi ojúlówó èdè Oǹdó dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tí n kò jẹ́ kọ síbí.

Àkúrẹ́ là ń gbé, torí pé sẹkitéríàtì ìjọba ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn l'Oǹdó ni mo ti máa ń lo ìsinmi. Àgbẹ̀ kókó ni bàbá àgbà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kókó tí wọ́n sá, tó kan díẹ̀ bí ẹmu àná, ara mi a balẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ páànù yìí bẹ̀rẹ̀, náírà já wálẹ̀ níwájú dọ́là, owó kókó sì gbẹ́nu sókè, torí pé dọ́là ni òyìnbó fi ń rà á. Inú gbogbo Oǹdó dùn. Aládùúgbò wa kan ra mọ́tò kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Àwa ọmọdé la máa ń tì í dé ṣọ́ọ̀ṣì fún un lọ́jọ́ Ìsinmi.

Bàbá mi wá láti Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ kò túká.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí owó yìí gùn yín lórí jù o. Ìjọba ń ná ju ohun tó ń wọlé lọ. Àwọn tó ń fi katapílà ṣe ọ̀nà Arakale l'Àkúrẹ́ ti kó ẹrù wọn lọ, wọn ò sì tíì san owó oṣù wa. Tí wọ́n bá lọ tẹ owó mìíràn dí i, èyí tó wà lọ́wọ́ yín á di yẹpẹrẹ."

Bàbá àgbà gbà á gbọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin, àbíkẹ́yìn Bàbá àgbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Àkúrẹ́ ni. Bàbá àgbà kó owó kókó, ó mú èmi náà dání lọ síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ san owó gbogbo ọdún tí ọmọ òun yóò lò tán pátá. Akọ̀wé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ọdún kọ̀ọ̀kan là ń gbà, Bàbá. Ta ló mọ iye tí yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà á. Ó san ti ọdún kan, ó sì mú mi lọ sí Ọjà Ọba, níbi tó ti fi gbogbo owó tó kù ra páànù. Ó ní òkè òkun ni irin rẹ̀ ti ń wá, bí dọ́là bá lọ sókè, páànù náà á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Bí ọdún ilé ẹ̀kọ́ bá ti yí, á ta lára rẹ̀, á san owó ọmọ rẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n kan ẹyọ kan mọ́ òrùlé.

Ìdì kan ṣoṣo ló ṣèlérí fún Ìyá, fún yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àǹtí mi yóò parí, owó ilé ẹ̀kọ́ fò ju owó páànù lọ. Gbogbo ìdì tó kù kò tó, àfi tí ti Ìyá bá kún un. Bàbá àgbà kò lè sọ fún un. Ó kàn ń yí rédíò kiri.

Ṣùgbọ́n Ìyá ti gbọ́ iye owó náà lẹ́nu àǹtí mi, òun ló lọ pe oníbàárà fúnra rẹ̀.

"Ẹ kó gbogbo rẹ̀," ló wí. "Òjò ti mọ́ mi lára."

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, Bàbá àgbà yọ fìlà, ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá ní kí ó dìde, kí aráyé má baà rí i, ó sì ń sunkún.

Àǹtí mi di nọ́ọ̀sì. Bàbá àgbà àti Ìyá ti lọ sinmi báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí. Bí wọ́n bá ka ètò ìṣúná lórí rédíò, tí wọ́n ní dọ́là tún ti gòkè, àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa jiyàn lórí iye rẹ̀. Èmi a máa ro ti ìyá kan, níbì kan, tó ń wá ibi gbígbẹ nínú yàrá rẹ̀ láti tẹ́ ẹní sí.