Ìtàn tí Bàbá Firmin Kò Rí Ẹni Gbọ́ Tán

Ọ̀rọ̀ alùpùpù Raouf ni gbogbo Kétu fi mọ Bàbá Firmin, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò nílẹ̀. Raouf ń ṣe sẹmijan, alùpùpù rẹ̀ ló fi ń gbé èrò lọ, gbé èrò bọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, Bàbá Firmin ní kó gbé òun dé Idigny. Wọn ò tíì jáde nílùú tí Bàbá ti gbé ẹnu sún mọ́ ọn létí láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, ǹjẹ́ o mọ bí àwa ará Kétu ṣe kúrò ní Ilé-Ifẹ̀?"

Raouf ní òun mọ̀ ọ́n. Bàbá ní kò lè mọ̀ ọ́n bí òun ṣe mọ̀ ọ́n, ló bá mú un ńlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé Idigny, àwọn baba ńlá wa ò tíì dé Arò tí wọ́n ti dúró lọ́nà. Raouf pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, a ti dé o."

"Ta ló dé? Àwa tá à ń bọ̀ láti Ifẹ̀ ò tíì dé ibì kankan!"

Kò kúrò lórí ìjókòó. Raouf bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà lọ wá omi tútù mu. Ẹ gbà mí o! Awakọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, èrò ló kù lórí alùpùpù.

Firmin Àkànmú ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Àgbẹ̀ alágbàdo ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ kì í fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ohùn rẹ̀ sì dùn, ká má parọ́ mọ́ òkú. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé ìtàn kan ṣoṣo ló ní, ìtàn ọ̀hún sì gùn ju ọjọ́ lọ. Ifẹ̀ ló ti máa ń gbéra. Kò ní fo odò kan, kò ní fo ọba kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá sí i, á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ dúró ná, n ò tíì débẹ̀."

Àwọn Àgùdà tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà jìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣáájú Àjíǹde, ó wọlé lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fadá Parfait, àlùfáà tí kò tíì pẹ́ tó dé sáàárín wa, ní kó sọ ohun tó ṣe.

"Fadá, kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó bí mi."

Ó tún di Ifẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó tò síta dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n, àwọn mìíràn tiẹ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn padà sílé. Nígbà tí ìtàn fi dé ẹnu odi Kétu, Fadá ti dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ jì í, títí kan èyí tí kò tíì dá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ronú sí ni ìdí tó fi ń gbé ìtàn náà kiri abúlé. Lónìí ó wà ní Kpankou, lọ́la ó wà ní Odomèta, ibi tí arúgbó bá ti ń gbé ló máa ń yà sí. A ní ọjọ́ ogbó ló dé. A ní ilé ló sú u. Ibi tó fẹ́ràn jù ni àgbàlá Ìyá Àyìsátù ní Idigny, ìyá arúgbó kan tó ń yan gàrí.

"Ìyá, ẹ kú iná o. Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan fún yín."

"Ẹ ṣe é kúkúrú o, Bàbá. Gàrí mi wà lórí iná."

"Àwọn tó ń gé e kúrú ló jẹ́ kó sọnù, Ìyá."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ díẹ̀, òórùn gàrí tó ń jó gba imú rẹ̀, ó fò dìde, ó pariwo, ó di pé kí Bàbá máa bọ̀ nígbà mìíràn. Bí Bàbá bá sì padà dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀. Ìyá Àyìsátù ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Bàbá Firmin bínú. Ó ní ìtàn kì í ṣe ẹ̀wà àná tí wọ́n ń gbé kaná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi mọra, gàrí ń jó, Bàbá ń lọ sílé.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Agathe ọmọ rẹ̀ wá láti Kútọnu láti tọ́jú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ní, "Jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin fún ọ lónìí." Ó ti rẹ Agathe. Ó ní, "Bàbá, ẹ sinmi, ẹ ó sọ ọ́ lọ́la." Bàbá ò jí lọ́la. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú àwọn Àgùdà ní Kétu, Agathe ò sì yéé sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ara rẹ̀ títí di òní.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a pé jọ sílé rẹ̀ fún àdúrà. Raouf ti lọ gbé Ìyá Àyìsátù wá láti Idigny. Lẹ́yìn àdúrà, tí oúnjẹ ti lọ, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Kálukú ń sọ ibi tó bá Bàbá dé.

"Èmi ò dé Arò," ni Raouf wí, "tí mo fi sọ̀ kalẹ̀."

"Èmi dé ẹnu odi," ni Fadá wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yangàn.

A rẹ́rìn-ín títí Agathe fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Ìyàwó Bàbá, Ìyá Ìbídùnní, ò rẹ́rìn-ín. Ó wo gbogbo wa.

"Ẹ̀yin ò mọ òpin rẹ̀, àbí?"

Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ wa.

"Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, ibo ni mo fẹ́ sá sí? Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló wà lópin ìtàn yẹn. Òun ló kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere ládùúgbò wa. Ó gun kẹ̀kẹ́ náà jáde pé òun ń lọ ra àgbàdo lápá oko, kò mọ̀nà ilé mọ́. Ilẹ̀gbóná ló mú un lọ́nà, ìròyìn ikú rẹ̀ nìkan ló délé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú ilẹ̀gbóná láyé ọjọ́un: inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí, ará ilé ò gbọdọ̀ sunkún, wọn ò sì ní fi ojú ibẹ̀ hàn wọ́n. Ọkọ mi ní wọ́n sin ín bí ẹni tí kò ní ènìyàn. Ó ní òun ò lè dé ilé onílé kí òun máa wá bàbá òun bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Tó bá wá parí, á béèrè pé, 'Ẹ̀yin ará ibí, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó sùn sí?' Ó fẹ́ ká tẹ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Tí mo bá ní kí n bá a béèrè, á ní màá fo àwọn ọba."

Ìyá Àyìsátù ti gbé ọwọ́ lé orí.

"Kẹ̀kẹ́? Ẹ ní ó gun kẹ̀kẹ́?"

"Ó gùn ún, Ìyá."

"Yéè! Ẹ̀yìn oko bàbá mi ló wà! Bàbá mi wà lára àwọn tó sin ín. Oníkẹ̀kẹ́ là ń pè é. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé ká má fi ọkọ́ kan ibẹ̀, pé àlejò kan ń sùn níbẹ̀."

Agathe fò dìde. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

"Ọmọ mi, kò dé ibi kẹ̀kẹ́ rí! Arò ni gàrí mi ti máa ń jó!" Ìyá náà bú sẹ́kún. "Mo rò pé ìtàn ló ń pa. N ò mọ̀ pé ó ń bi mí ní nǹkan."

Gbogbo wa la rò pé ìtàn ló ń pa.

Lọ́jọ́ kejì, a tẹ̀ lé Ìyá Àyìsátù lọ síbẹ̀. Láàárín oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ kékeré kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ, koríko ló kún un, irin kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà yọrí díẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹnì kan dábàá pé ká lọ hú Bàbá Firmin wá. Ìyá Ìbídùnní ní rárá, wọ́n ti dà á láàmú tó. Agathe kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ní, "Èmi ni mo ní kó di ọ̀la."

Ìyá Ìbídùnní jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó kọjú sí koríko náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní ènìyàn o. Ọmọ ọmọ yín wá yín títí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo wá jẹ́." Ló bá bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀.

Kò fo odò kan. Kò fo ọba kan. Raouf jókòó sórí ebè, Fadá tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn kúrò lórí wa, kò sẹ́ni tó dìde. Ìtàn náà sì dùn, ẹ̀yin ènìyàn. Ó dùn débi pé ó dunni. Nígbà tí ìyá náà dé òpin, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó yíjú sí wa, ó béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ béèrè.

"Ẹ̀yin ará ibí, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó sùn sí?"

Gbogbo wa la dáhùn.

"Ibí ni, Bàbá Firmin. Ibí ni."